Orí Kẹfà: Àwọn Èrò Ọkọ̀ Eléèéfín: Ìpadàbọ̀ Àwọn Ọmọ Yorùbá láti Òkè Òkun, 1852–1900

Àfojúsùn Ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

1. ṣàlàyé bí àwọn ọmọ Òkè-Ògùn ṣe dé Sàró, Bràsíl àti Kúbà;
2. sọ ohun tó mú kí ọkọ̀ eléèéfín yàtọ̀ sí ọkọ̀ onígbòkun;
3. fi ìyàtọ̀ hàn láàárín Sàró àti Àgùdà;
4. ṣàpèjúwe bí èrò ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀ sí Èkó;
5. sọ ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó padà wá fi dúró sí Èkó, tí wọn kò gòkè lọ sí ìlú baba wọn;
6. dárúkọ àwọn ọjà ilẹ̀ Yorùbá tó ń bá ọkọ̀ lọ sí Bahia.

Ìfáàrà

Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ èrò ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun ní Èkó. Àwọn kan jẹ́ àlejò gidi: òyìnbó oníṣòwò, ajíhìnrere, òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ogun ti kó lọ, tàbí ọmọ àti ọmọ ọmọ wọn tí a bí sí òkè òkun. Àwọn wọ̀nyí ni orí yìí dá lé.

Òkè-Ògùn jìnnà sí òkun. Inú ọ̀dàn ni Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Ìgbòho àti Kìsí wà, àárín òkúta, igi ẹmì àti igi igbá. Síbẹ̀, ìtàn èbúté Èkó kàn wọ́n ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní, ọmọ Òkè-Ògùn wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Èkejì, irú ọjà tí Òkè-Ògùn ń ṣe wà lára ohun tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Bràsíl. Ẹ̀kẹta, ogun tó dí ọ̀nà láti Èkó lọ sí òkè ló pinnu ibi tí àwọn tó padà wá máa gbé.

Àwọn Ọ̀rọ̀ Pàtàkì

- Ọkọ̀ onígbòkun: ọkọ̀ òkun tí aṣọ ńlá orí òpó rẹ̀ máa ń gba atẹ́gùn tó ń tì í lọ.
- Ọkọ̀ eléèéfín: ọkọ̀ òkun tí ooru omi gbígbóná ń yí ẹ̀rọ rẹ̀. Èédú ni wọ́n ń dá sí iná rẹ̀, èéfín sì ń jáde lórí rẹ̀.
- Àpadàbọ̀: ẹni tí wọ́n kó kúrò nílé, tàbí àtọmọdọ́mọ rẹ̀, tó padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀.
- Sàró: àpadàbọ̀ tó gba ilẹ̀ Sierra Leone wá. Orúkọ yìí kan náà ni Yorùbá ń pe ilẹ̀ ọ̀hún.
- Àgùdà: àpadàbọ̀ tó ti Bràsíl tàbí Kúbà wá. Wọ́n tún ń pè wọ́n ní Amaro.
- Èrò orí ọkọ̀: èrò tí kò ní yàrá nínú ọkọ̀, tó jẹ́ pé ìta gbangba lórí ọkọ̀ ló ń sùn.
- Òkìtì ẹnu òkun: iyanrìn tí omi kó jọ sábẹ́ ẹnu ọ̀nà Èkó, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé.
- Ìsémọ́ nítorí àrùn: àṣẹ pé kí èrò má ṣe bọ́ sílẹ̀ títí ìjọba yóò fi rí i pé kò sí àjàkálẹ̀ àrùn lára wọn.

1. Bí Àwọn Ọmọ Òkè-Ògùn Ṣe Dé Òkè Òkun

1.1 Ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, abẹ́ àṣẹ Aláàfin ni ọ̀pọ̀ ìlú Òkè-Ògùn wà. Nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó tẹ̀dó sí Ìlọrin, kọ̀yìn sí Aláàfin, agbára ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ogun ń bí ogun. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1836, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro.

Ìlú kékeré kò ní olùgbèjà mọ́. Àwọn tí ogun kó ni wọ́n ń tà láti ọjà dé ọjà títí wọ́n fi ń dé Èkó, Àgbádárìgì tàbí Wídà. Níbẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Potogí àti Bràsíl ti ń kó wọn sínú ọkọ̀. Bahia ní Bràsíl ni ọ̀pọ̀ lọ. Àwọn mìíràn dé Kúbà. Nàgó ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá ní Bahia, Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n ní Kúbà.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ọdún 1807. Ọkọ̀ ogun wọn ń lépa ọkọ̀ ẹrú lójú òkun. Bí wọ́n bá mú ọ̀kan, Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n máa ń kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ, kí wọ́n lè gbòmìnira. Nípa báyìí, ọmọ ìyá méjì tí ogun kó lọ́jọ́ kan náà lè bá ara wọn ní ìlú méjì, kí ọ̀kan wà ní Freetown bí òmìnira, kí èkejì wà ní Bahia bí ẹrú.

1.2 Àpẹẹrẹ: Àjàyí, ọmọ Òṣogùn

Òṣogùn jẹ́ ìlú kan nítòsí Ìsẹ́yìn. Ní ọdún 1821, ogun wọ ìlú náà. Wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti yà wọ́n nípa, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ olówó kan sí òmíràn ló ṣe dé Èkó.

Ní ọdún 1822, ìrìn rẹ̀ bọ́ sójú òkun: wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Potogí kan, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon sì mú ọkọ̀ ọ̀hún ní ọjọ́ keje oṣù Igbe. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Òkúdu, Àjàyí tẹ ilẹ̀ Freetown. Ibẹ̀ ló ti kàwé, tó sì ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n fi ń pè é ní Samuel Àjàyí Crowther.

Crowther padà sí ilẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Ní ọdún 1846, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti yà wọ́n. Ní ọdún 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1891. Láàárín ọdún wọ̀nyí, ọkọ̀ eléèéfín ló ń gbé e láti Èkó lọ sí ẹnu odò Ọya àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

2. Ọkọ̀ Eléèéfín àti Ọ̀nà Òkun

2.1 Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ọkọ̀ eléèéfín, ìkòkò irin ńlá kan wà tó kún fún omi. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kó èédú sí iná abẹ́ rẹ̀. Bí omi bá hó, ooru rẹ̀ ń fi agbára ti irin kan síwá-sẹ́yìn nínú ẹ̀rọ. Ìtì yìí ló ń yí abẹ̀bẹ̀ irin tó wà nínú omi ní ìdí ọkọ̀, ọkọ̀ a sì máa lọ. Èédú ń tán lójú ọ̀nà, nítorí náà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti rà sí i. Las Palmas ní erékùṣù Canary jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú irú ibi bẹ́ẹ̀.

2.2 Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀

Ní ọdún 1852, Macgregor Laird dá African Steam Ship Company sílẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ gbígbé lẹ́tà lọ sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún un, ó sì ń gba owó ìrànlọ́wọ́ lórí iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ rẹ̀ ń wá lóṣooṣù. Ó ń yà ní Madeira àti Freetown, ó ń gba etíkun Gold Coast kọjá, ó sì ń dé Èkó kó tó kọrí sí Fernando Po.

Ní ọdún 1868, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kejì sílẹ̀ ní Glasgow, ìyẹn British and African Steam Navigation Company. Ọdún kan náà ni Alexander Elder àti John Dempster dá Elder Dempster sílẹ̀ ní Liverpool láti máa bá a mójú tó òwò rẹ̀. Nígbà tó yá, Alfred Jones di ọ̀gá Elder Dempster, ilé-iṣẹ́ náà sì wá ń ṣàkóso ọkọ̀ àwọn méjèèjì. Láti Hamburg ní Jámánì, ọkọ̀ Woermann náà ń wá.

2.3 Ìyàtọ̀ tó mú wá

Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ onígbòkun kò mọ ọjọ́ tí yóò gbéra, kò sì mọ ọjọ́ tí yóò dé. Bí atẹ́gùn bá dákẹ́, ọkọ̀ dúró nìyẹn. Ọkọ̀ eléèéfín ní ọjọ́ tí ó ń ṣí, ó ní ìlú tó ń yà sí, ó sì ní iye tó ń gbà. Nǹkan mẹ́ta ló ti ibẹ̀ jáde:

(a) Ẹni tó wà ní Freetown lè kọ lẹ́tà sí ẹbí rẹ̀ ní Èkó, kí èsì sì dé kó tó pinnu láti gbéra.

(b) Ìdílé lè gba ọkọ̀ ní ìpín-ìpín: kí bàbá kọ́kọ́ lọ, kí ó ríbi dúró sí, kí ìyàwó àti ọmọ tẹ̀ lé e.

(d) Ènìyàn lè lọ kó sì padà. Ìrìn-àjò òkun kúrò ní ohun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹni, ó di ohun tí oníṣòwò, àlùfáà àti akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

3. Àwọn Tó Wọ Ọkọ̀

3.1 Sàró

Kí ọkọ̀ eléèéfín tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà yìí ni àwọn Sàró ti ń padà. Ní ọdún 1839, àwọn oníṣòwò ọmọ Yorùbá ní Freetown ra ọkọ̀ onígbòkun kan, wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria, wọ́n sì fi kó èrò wá sí Àgbádárìgì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé wọn gba Àgbádárìgì kọjá sí Abẹ́òkúta.

Nǹkan yí padà lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní ìparí ọdún 1851, tí wọ́n sì gba ìlú náà ní ọjọ́ kẹfà oṣù Ògún ọdún 1861. Èkó wá di ibi tí ọkọ̀ lóṣooṣù ń yà sí, abẹ́ òfin tí àwọn Sàró ti mọ̀ ní Freetown ló sì wà. Àpẹẹrẹ méjì nìyí:

- Samuel Johnson: Freetown ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1846, nínú ìdílé tó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Aláàfin Abíọ́dún. Ọdún 1857 ni àwọn òbí rẹ̀ kó wọn padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, ó sì kọ ìwé ìtàn Yorùbá tó gbajúmọ̀ jù lọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀.
- Richard Beale Blaize: Freetown náà ni wọ́n bí i sí, ní ọdún 1845. Ó dé Èkó ní ọdún 1862, ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tó lówó jù ní Èkó. Òun ló dá ìwé ìròyìn Lagos Times sílẹ̀ ní ọdún 1880.

3.2 Àgùdà

Ìdí tí àwọn Àgùdà fi padà pín sí mẹ́ta.

(a) *Ìlé kúrò nílùú.* Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1835, àwọn ẹrú àti òmìnira tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Nàgó, dìde ogun ní ìlú Salvador ní Bahia. Ogun Malê ni wọ́n ń pè é. Ìjọba borí wọn, ó lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, ó sì gbé owó-orí lé àwọn òmìnira tí wọ́n bí sí Áfíríkà lórí.

(b) *Ìràpadà ara ẹni.* Àwọn ẹrú ìlú ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ń kiri ọjà, wọ́n ń fi díẹ̀ pa mọ́ nínú ohun tó kù lẹ́yìn tí olówó wọn bá ti gba tirẹ̀. Wọ́n ń dá owó jọ bí ẹlẹ́sùúsú láti ra ara wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti gba òmìnira lè gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kó sì sanwó ọkọ̀.

(d) *Òpin oko ẹrú.* Kúbà fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1886, Bràsíl ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 1888. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó nílò láti ra ara rẹ̀ kó tó wọkọ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wá. Ọ̀pọ̀ wọ ọkọ̀ onígbòkun láti Bahia tààrà sí Èkó. Àwọn mìíràn, pàápàá láti Kúbà, kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ eléèéfín tó ń gbé lẹ́tà bọ̀ wá sí Èkó.

Ní àwọn ọdún 1880, iye Àgùdà tó wà ní Èkó ju 3,000 lọ, nígbà tí gbogbo ará ìlú náà jẹ́ nǹkan bí 37,000 ní ìkànìyàn ọdún 1881. Ọ̀kan nínú wọn ni João Esan da Rocha, ọmọ Iléṣà tí wọ́n kó lọ sí Bràsíl ní kékeré, tó sì padà sí Èkó pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Candido, tí wọ́n bí sí Bahia ní ọdún 1860, di olówó ńlá. Ilé rẹ̀ ní òpópónà Kakawa ni wọ́n ń pè ní Ilé Omi, nítorí kànga tó wà níbẹ̀, tó ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú.

3.3 Àwọn èrò mìíràn

Kì í ṣe àpadàbọ̀ nìkan ló kún inú ọkọ̀. Àwọn atukọ̀ Kru láti etíkun Làìbéríà ń wọkọ̀ láti wá ṣiṣẹ́ ní Èkó àti ẹnu odò Ọya. Ní àwọn ọdún 1890, àwọn ará Lẹ́bánónì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn ni Yorùbá ń pè ní Kóràà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń lọ: Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Crowther, kúrò ní Èkó ní ọdún 1890 láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Plymouth, ó sì padà ní ọdún 1893. Abdullah Quilliam, lọ́yà ará Liverpool tó di Mùsùlùmí, wá sí Èkó ní ọdún 1894 gẹ́gẹ́ bí aṣojú Súlútánì ilẹ̀ Tọ́kì nígbà tí wọ́n ṣí mọ́sáláṣí Ṣítta-Bey.

4. Ìrìn-àjò àti Ìgúnlẹ̀

4.1 Ìgbé ayé nínú ọkọ̀

Owó tí èrò san ló ń pinnu ibi tí yóò sùn. Olówó ní yàrá àti oúnjẹ orí tábìlì. Èrò orí ọkọ̀ gbé ẹní àti oúnjẹ tirẹ̀ dání, abẹ́ tapólì tàbí ní gbangba ló ń sùn, láàárín ẹrù, àgbá àti ẹran ọ̀sìn. Òjò àti ìrì kò dá a sí. Láti Liverpool dé Èkó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọkọ̀ ń yà ní ìlú púpọ̀ láti já ẹrù.

4.2 Òkìtì ẹnu òkun Èkó

Ní gbogbo ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọ inú ọ̀sà Èkó. Iyanrìn abẹ́ omi mú kí ẹnu òkun rí pẹlẹbẹ, ìgbì sì le níbẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ máa ń ju ìdákọ̀ró sí ìta, lójú agbami. Wọ́n á sọ èrò kalẹ̀ nínú àpótí onígi tí okùn so rọ̀, sínú ọkọ̀ kékeré tó ń bá ìgbì jó nísàlẹ̀. Ọkọ̀ kékeré yìí ló ń gbé wọn la ẹnu òkun kọjá. Ẹrù tó pọ̀ ni wọ́n ń gbé gba Forcados, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e padà sí Èkó. Ìgbà míràn ọkọ̀ kékeré ń dojú dé, ẹrù a sọnù, èrò a sì rì. Ó di ọ̀rúndún ogún, nígbà tí ìjọba kọ́ ògiri òkúta sẹ́nu òkun tí wọ́n sì ń gbẹ́ iyanrìn, kí ọkọ̀ ńlá tó lè wọlé.

4.3 Àpẹẹrẹ méjì: Biafra àti Alliança

Gómìnà Èkó, Alfred Moloney, gbà pé bí àwọn Àgùdà bá padà wá pẹ̀lú ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ oko, yóò ṣe ìlú láǹfààní. Ó ṣe àtìlẹ́yìn fún ọ̀nà ọkọ̀ eléèéfín tààrà láàárín Èkó àti Bràsíl. Ní ọdún 1890, ọkọ̀ eléèéfín tó ń jẹ́ Biafra kó èrò àti ẹrù láti Bahia wá sí Èkó. Ètò náà kò pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró, ọ̀nà Bahia sì padà sọ́wọ́ ọkọ̀ onígbòkun.

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún èrò hàn nínú ìrìn-àjò Alliança, ọkọ̀ onígbòkun tó gbéra ní Bahia ní ọdún 1899. Ìrìn náà gùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Omi mímu tán, àrùn wọ inú ọkọ̀, àwọn èrò kan sì kú. Nígbà tí wọ́n dé Èkó ní ọdún 1900, ìjọba sé wọn mọ́ nítorí àrùn, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

5. Ìdí Tí Ọ̀pọ̀ Kò Fi Gòkè Lọ sí Ìlú Baba Wọn

Ọkọ̀ gbé àpadàbọ̀ dé etíkun. Láti etíkun dé ilé baba, ẹsẹ̀ ni. Ohun mẹ́rin ló dí ọ̀nà náà.

5.1 Ogun Kírìjì. Ogun tó wà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n ọmọ ogun kò tú ká pátápátá títí di ọdún 1893. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ọdún wọ̀nyí, ọ̀nà láti Èkó lọ sí òkè tì pa.

5.2 Ogun Dàhòmì. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ọmọ ogun Dàhòmì ń kọlu ìlú Yorùbá. Ní ọdún 1886, wọ́n fọ́ Kétu. Ẹ̀rù wọn kò kúrò títí Faransé fi ṣẹ́gun Dàhòmì ní ọdún 1892 sí 1894.

5.3 Ìlú tó ti parẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n ti kó ènìyàn ti di igbó. Àwọn ará ibẹ̀ tó kù ti tú ká sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ tuntun àti ìlú mìíràn. Abẹ́òkúta ni Crowther ti rí ìyá rẹ̀.

5.4 Iṣẹ́ àti ààbò. Káfíńtà, birikìlà, télọ̀ àti akọ̀wé ń rí iṣẹ́ ní Èkó. Ẹni tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí lè bẹ̀rù pé wọ́n lè tún kó òun bí òun bá kúrò lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ọ̀nà fi là, ọmọ ti bí ọmọ ní Èkó. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìlà ọkọ̀ ojú irin láti Ìddó ní ọdún 1896, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ìlà náà gba Òṣogbo lọ sí Ìlọrin. Kò yà sí Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí. Nítorí náà, Òkè-Ògùn kò rí àpadàbọ̀ púpọ̀ gbà bí Èkó àti Abẹ́òkúta ti rí wọn gbà.

6. Ohun Tí Ọkọ̀ Kó Wá àti Ohun Tí Ó Kó Lọ

6.1 Èyí tó wá

Àwọn Àgùdà tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, ní àyíká gbàgede Campos ní Èkó. Ìmọ̀ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni wọ́n fi hàn jù. Wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọnà wà lára fèrèsé àti òpó rẹ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ ilé ìjọ Holy Cross àkọ́kọ́, tí wọ́n parí ní ọdún 1881. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́sáláṣí Ṣítta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Sàró kan, Mohammed Shitta, ló sì san owó rẹ̀. Ní ilé oúnjẹ, wọ́n mú fẹ̀jọ̀ọ̀n wá, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì Rere. Àwọn Sàró mú ìwé, ìtẹ̀wé, ilé-ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìjọba wá. Bíbélì Yorùbá odindi, tí Crowther kó ipa pàtàkì nínú ìtumọ̀ rẹ̀, jáde ní ọdún 1884.

6.2 Èyí tó lọ

Àwọn Yorùbá tó kù ní Bahia kò yé béèrè ohun ilé wọn. Èkó ń kó epo pupa, obì, orógbó, ọṣẹ dúdú, igbá, òrí àti aṣọ híhun ránṣẹ́ sí wọn. *Pano da costa*, aṣọ etíkun, ni wọ́n ń pe aṣọ híhun yìí ní Bahia, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń fi í kọ́ èjìká, pàápàá nídìí òrìṣà.

Méjì nínú ọjà wọ̀nyí jẹ́ irú èyí tí Òkè-Ògùn mọ̀ dáadáa. Igi ẹmì tí wọ́n ń fún òrí láti inú èso rẹ̀ kì í hù ní igbó etíkun. Ilẹ̀ ọ̀dàn ló ń gbé. Òrí tó bá dé Bahia ti rìn jìnnà kó tó dé Èkó rárá. Aṣọ òkè náà, àwọn ìlú inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń hun ún, Ìsẹ́yìn sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí títí di òní.

6.3 Ìrìn lọ-bọ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dé ló dúró. Martiniano Eliseu do Bomfim, tí wọ́n bí sí Salvador ní ọdún 1859, bá bàbá rẹ̀ wá sí Èkó ní ọdún 1875. Ó kàwé níbẹ̀, ó sì kọ́ Ifá. Ní ọdún 1886, ó padà sí Bahia, ó sì di babaláwo tí àwọn onílé òrìṣà ibẹ̀ ń wá ìmọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Irú wọn ni kò jẹ́ kí àṣà Yorùbá ti Bahia àti ti ilé já sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

7. Àtẹ Ọdún

- 1821: ogun kó Àjàyí ní Òṣogùn
- 1835: ogun Malê ní Bahia
- 1839: ọkọ̀ Queen Victoria kó àwọn Sàró wá sí Àgbádárìgì
- 1852: African Steam Ship Company bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́
- 1861: Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó
- 1864: Crowther di bíṣọ́ọ̀bù
- 1877–1893: ogun Kírìjì
- 1888: Bràsíl fòpin sí oko ẹrú
- 1890: ọkọ̀ Biafra láti Bahia sí Èkó
- 1899–1900: ìrìn-àjò Alliança
- 1901: ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn

Àkópọ̀

1. Ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé ló ṣí ọ̀nà fún kíkó ọmọ Òkè-Ògùn lọ sí òkè òkun. Àjàyí Crowther ni àpẹẹrẹ tó hàn jù.
2. Ọkọ̀ eléèéfín mú ọjọ́, iye àti ọ̀nà ìrìn-àjò wà létò. Èyí mú kí lẹ́tà, ẹbí àti ọjà lè máa lọ kí wọ́n máa bọ̀.
3. Sàró gba Freetown wá. Àgùdà ti Bràsíl àti Kúbà wá. Ọ̀nà ọkọ̀ eléèéfín bá Sàró mu ju Àgùdà lọ, nítorí ọ̀nà tààrà láti Bahia kò pẹ́.
4. Òkìtì ẹnu òkun mú kí ìgúnlẹ̀ sí Èkó jẹ́ apá tó léwu jù nínú ìrìn náà.
5. Ogun, ìlú tó parẹ́, àti iṣẹ́ tó wà ní Èkó ló mú kí ọ̀pọ̀ àpadàbọ̀ dúró sí etíkun.
6. Òrí àti aṣọ òkè wà lára ọjà tó so ilẹ̀ Yorùbá pọ̀ mọ́ Bahia.

Ìdánrawò

A. Yan ìdáhùn tó tọ̀nà

1. Ìlú wo ni wọ́n ti fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin? (a) Ṣakí (b) Ìsẹ́yìn (d) Abẹ́òkúta (e) Èkó
2. Ta ló dá African Steam Ship Company sílẹ̀? (a) Alfred Moloney (b) Alfred Jones (d) Macgregor Laird (e) John Dempster
3. Èwo nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ni ọkọ̀ eléèéfín? (a) Alliança (b) Queen Victoria (d) Biafra (e) kò sí nínú wọn
4. Bràsíl fòpin sí oko ẹrú ní ọdún (a) 1807 (b) 1851 (d) 1886 (e) 1888

B. Dáhùn ní ṣókí

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín Sàró àti Àgùdà?
2. Kí nìdí tí ọkọ̀ òkun ńlá fi ń dúró sí ìta ẹnu òkun Èkó?
3. Dárúkọ ọjà márùn-ún tó ń ti Èkó lọ sí Bahia.
4. Báwo ni ẹrú ní Bahia ṣe lè rí owó ra ara rẹ̀ padà?

D. Àròkọ

1. Ṣàlàyé bí ọkọ̀ eléèéfín ṣe yí ìrìn-àjò àpadàbọ̀ padà, kí o sì fi àpẹẹrẹ ènìyàn mẹ́ta gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀.
2. Fi ìrìn-àjò Biafra àti Alliança wé ara wọn.
3. “Ogun Kírìjì nìkan kọ́ ló dá àwọn àpadàbọ̀ dúró sí Èkó.” Jíròrò lórí gbólóhùn yìí.

E. Iṣẹ́ àṣewádìí

1. Ya àwòrán ilẹ̀ tó fi Òṣogùn, Ìsẹ́yìn, Èkó, Freetown, Liverpool àti Salvador hàn. Fa ìlà ọ̀nà tí Crowther gbà lọ àti ọ̀nà tí Biafra gbà wá.
2. Lọ bá ahunṣọ kan àti obìnrin kan tó ń ṣe òrí ní ìlú rẹ. Béèrè ibi tí ọjà wọn ń dé lónìí, kí o kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí o sì fi wé ohun tó wà ní ìpín 6.2.
3. Wá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó pẹ́ jù ní àdúgbò rẹ. Bi àwọn àgbà ilé léèrè ẹni tó kọ́ ọ àti ibi tó ti kọ́ṣẹ́, kí o sì mú ìròyìn rẹ wá sí kíláàsì.